Ilẹ̀kùn Ń Dún

Bàtà gbá Poongodi lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan sì bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Ọmọkùnrin kan ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́, èkejì tún ń mí gúlegúle," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. Ó di irun rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. "Fi ọmọ sílẹ̀ fún wa, àjẹ́. Òní lo máa kúrò nílé ọmọ mi."

Dókítà obìnrin kan sáré kó sí wọn láàárín. "Ìyá, ẹ dákun. Ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, onílẹ̀kùn sì wà lára awọ wọn. Tí àrùn bá kan ilẹ̀kùn, onílẹ̀kùn á ránṣẹ́ sínú pé kí wọ́n yọ idà. Ti ọmọ yìí, ilẹ̀kùn ń dún, àmọ́ kò sí ẹni tó ń jíṣẹ́ náà dénú. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá."

"Ṣé ẹ gbọ́?" Ìyá ọkọ tún fi bàtà gbá a. "Mo ti ń wí i."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Poongodi. "Ó sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wá, ọmọkùnrin ló sì máa ń mú. Ìyá tó bí ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé ọmọkùnrin kú mọ́ òun náà lọ́wọ́?"

Poongodi tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ dànù. "Ó sin méjì. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni wọ́n fi mí fún láti fẹ́, bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Ìyá tó bí ìyá mi ló di irun mi mú yìí."

Ìyá àgbà náà jọ̀wọ́ irun. Ó wo bàtà ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ẹnu ara rẹ̀.