Oríkì Ọkọ̀ Ará Ítálì

Ìrọbí mú Adétòún. Láoyè ọkọ rẹ̀ sáré lọ ki ọkọ̀ rẹ̀ ará Ítálì, torí ọkọ̀ olówó ńlá kì í gbéra mọ́ láìgba oríkì.

"Ẹlẹ́ṣin ẹgbẹ̀rin, abúramúramù-dẹ́rù-ba-àrá!"

Ọkọ̀ ará Jámánì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pòṣé. "Ẹṣin inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa rà á tó bá di àlòkù?"

"Ẹ ò gbọ́ èébú? Ẹ tún mi kì, ọ̀gá!"

Inú bí Láoyè débi pé, bí wọ́n bá gbé ìkòkò iṣu lé e lórí, iṣu á jinná.

"Bàbá Dékọ́lá, ẹ máa kì wọ́n lọ!" Adétòún kó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá aládùúgbò, ó di ilé ìwòsàn.

Ọkọ̀ méjèèjì ń wo kẹ̀kẹ́ náà bó ṣe ń sáré lọ. Ará Jámánì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"Ọ̀gá, ẹṣin mélòó ló wà nínú ìyẹn?"