Ẹ̀ka Tútù Tí Eustache Gbé Jù Sígbó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ra kẹ̀kẹ́ tí ẹ wá rò pé ẹ ti hu ìyẹ́. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

1.

Lọ́dún kẹta tí a gba òmìnira, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eustache ra kẹ̀kẹ́ tuntun ní Ìdáàṣà. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbẹ̀.

Ó ní àbúrò obìnrin, Claudine. Ọkọ Claudine ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ yẹn loko rẹ̀, òun náà lọkọ rẹ̀. Ó rí ìsọ̀ kan ní Bohicon, ó sì ti bá awakọ̀ akẹ́rù kan sọ ọ́ pé kó bá òun gbé ẹ̀rọ náà lọ. Eustache ní ìwọ̀sí ni. Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni kẹ̀kẹ́ òun ni? Òun ni yóò gbé e.

Claudine bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e, ẹ bá mi gba títì. Kí ẹ sùn ní Paouignan lójú ọ̀nà, lọ́dọ̀ Tantí Jeanne, àbúrò ìyá wa, kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó máa lọ."

"Títì yẹn jìn. Ọ̀nà oko Akofodjoulè ni mo máa gbà. Mo gbà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tẹ́jú bí ẹní."

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí?"

Eustache ní obìnrin kì í kọ́ ọkùnrin ní kẹ̀kẹ́ gígùn.

Ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀nà oko kì í ṣe títì ìjọba. Èyí tí ẹ gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lè ti kọ ebè iṣu sórí rẹ̀ kí òjò tó dá. Ta ni kò mọ ìyẹn?

2.

Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ a máa so ẹrù mọ́lẹ̀, a sì pín in sọ́tùn-ún sósì. Eustache gbé irin wíwúwo yẹn ka orí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé àpò aṣọ lé e, ó ga bí ìyàwó tí wọ́n gbé gun ẹṣin. Ó fi póńpù tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà sílẹ̀ nílé, ó ní ó ń wúwo. Póńpù ló ń wúwo! Àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn a máa gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n lè sinmi bí oòrùn bá mú. Òun dúró dìgbà tí ọjà kún, kí gbogbo ayé lè rí i.

3.

Ní orí òkè Ìdáàṣà wa, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára àwọn tó wà lóko gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọn. Ẹ má pè é ní àṣejù. Níbi ìkíni yẹn la ti ń gbọ́ bí ọ̀nà iwájú ṣe rí.

Eustache rí Ìyá Euphrasie níbi tó ti ń roko ẹ̀pà. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀, ẹrù gíga yẹn kò ní í jẹ́ kí òun tètè gùn ún padà. Ó wulẹ̀ tẹ aago kẹ̀kẹ́, gín-ín-gín-ín, ó ń lọ. Ìyá náà gbé ọkọ́ sókè, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀." Ó ní òun ń kánjú.

Kò pẹ́ ló kan ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà, tí wọ́n gbé òkúta lé. Ọmọdé orí òkè mọ̀ ọ́n: dúró, kí o béèrè. Eustache náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan àwọn abọ̀rìṣà ni, òun ti ṣe ìrìbọmi, ewé kò lè dá òun dúró. Ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó gbé ẹ̀ka náà jù sígbó, ó tiraka gun kẹ̀kẹ́ padà.

Ta ló sọ fún un pé abọ̀rìṣà ló gé e? Ìyá Euphrasie ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé e, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Màríà sì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ti ń gé e. Omi ti gbé afárá igi tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni kú síbẹ̀.

Bí Eustache ti ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ilẹ̀ ń yọ̀, ẹrù ń tì í látẹ̀yìn, ìjánu kẹ̀kẹ́ kò mú mọ́. Òun, kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ jọ ré sí inú odò. Irin ẹ̀rọ náà dá sí méjì lórí àpáta. Itan Eustache náà ṣẹ́. Ìyá Euphrasie tí Eustache kò sọ̀ kalẹ̀ kí ló sáré pe àwọn tó gbé e wálé.

4.

Claudine wá wò ó. Kò bú u. Ó jókòó tì í, ó béèrè bóyá ó ti jẹun, lẹ́yìn náà ló béèrè kẹ̀kẹ́.

"Wọ́n ti gbé e dé. Kò bàjẹ́ púpọ̀."

"Ẹ fún mi kí n tà á, ẹ̀gbọ́n mi. N ó fi wá ẹ̀rọ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí fi dá a lóhùn: "Bí ẹsẹ̀ mi bá san, kí ni n ó máa gùn?"

Claudine dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó jáde. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ìsọ̀ Bohicon. Oko olóko ló ń bá wọn ro báyìí ní Paouignan, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Eustache jiná, ṣùgbọ́n ó jiná ní wíwọ́, orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ń bẹ lára ògiri, ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀ kò tà á.

Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ so ẹrù mọ́lẹ̀. Ẹ tètè gbéra. Ẹ gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, bó tilẹ̀ jìn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí àgbà tó wà lóko. Ẹ̀ka tí ẹ kò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó béèrè. Bí ẹrù ẹlòmíràn bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ta ohun tí ẹ fi ń yangàn.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.