Ìjẹ Ilé Dunning

Ní Skelwick, ìlú etí òkun kan, ilé tí ife-ẹ̀yẹ ẹja kọ́ọ̀dù bá wà ni í pèsè ìjẹ ẹnu ìwọ̀ fún gbogbo apẹja lọ́jọ́ ìdíje, kí ẹni tó borí lọ́dún tó kọjá má baà ṣa ekòló tó dára fún ara rẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìjẹ tirẹ̀ wá.

Orúkọ tó kẹ́yìn lára ife náà ni ti Amos Dunning, tó fa kọ́ọ̀dù kílò mẹ́jọ jáde lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó sì kú kí ọdún tó yípo. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pa kọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìdíje. Nítorí náà, ife kò kúrò lókè ibi ìdáná Hessie, opó rẹ̀, Hessie náà kò sì sinmi ekòló wíwà.

Lówùúrọ̀ Sátidé ìdíje, nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, Hessie wa ekòló inú iyanrìn, ó kún garawa méjì. Ó gbé garawa pupa sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé ti búlúù wọ ilé ìfọṣọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣan àwọn ekòló inú rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Nígbà tó jáde, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bosun, ológbò rẹ̀, tó sanra débi pé kò lè fò gun àga mọ́, wá gbóòórùn garawa búlúù náà. Ó sín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Apẹja mẹ́rìnlá ló wà létí òkun. Nígbà ayé Amos, ọgọ́ta ni wọ́n máa ń jẹ́. Wilf Harbottle, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló kọ́kọ́ na ike rẹ̀ fún ìjẹ.

"Ṣé o ti palẹ̀ mọ́?" ni Hessie bi í.

"Ọmọ mi obìnrin ti bá mi palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Leeds. Ó ní kò sáyè fún ọ̀pá ìwọ̀ nílé òun. Mo ní kò burú, Leeds ò kúkú ní òkun." Wilf sún mọ́ ọn. "Kọ́ọ̀dù kan péré, Hessie. Bó kéré, ó tó mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń bá ife yẹn fà á. Kí n ṣáà rí orúkọ mi lára ẹ̀ kí n tó lọ."

"A jẹ́ pé Amos ò ní jẹ́ ìkẹyìn mọ́ nìyẹn."

"Amos ò ní bínú."

"Amos? Ó máa ń bínú o." Ó fi ṣíbí bu ekòló fún un nínú garawa búlúù.

Neville Tait, akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja, gba tirẹ̀. "Àǹtí Hessie, ẹ̀yin lẹ ń jìyà wa. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́nìkan pa kọ́ọ̀dù lónìí, kẹ́yin náà lè sinmi."

"Àmín," ni Hessie wí.

Wọ́n ju ìwọ̀ sómi láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó di aago méjìlá, Wilf fa okùn rẹ̀ jáde, ekòló ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀ pérépéré.

"Akàn gan-an ò tọ́ ọ wò," ló wí.

"Akàn náà ti kó lọ," ni Neville wí. "Òkun ti kú." Ó fi ìka nu ojú, omi sì túbọ̀ ń dà níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ń ṣomi. Atẹ́gùn ìlà-oòrùn kì í fi ojú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Skelwick lọ́jọ́ ìdíje.

Ẹnìkan ní àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n gbálẹ̀ òkun ló fà á. Ẹlòmíì ní omi ló gbóná, kọ́ọ̀dù ti sá lọ síbi tó tutù.

"Nígbà èwe mi, bárò la fi ń tì í relé," ni Wilf wí. "Bó o ju bàtà sómi, kọ́ọ̀dù á gbé e mì."

"Ṣé ibẹ̀ ni èkejì èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín lọ?" ni Neville bi í, nítorí bàtà ẹsẹ̀ Wilf kò bára wọn mu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Hessie gbé tíì dé, àti páì ẹja. Wilf jẹ ẹ́, ó tún jẹ ẹ́.

"Kọ́ọ̀dù nìyí. Àfi bíi pé àná ni wọ́n pa á."

"Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja sínú yìnyín láyé òde òní."

"Ṣọ́ọ̀bù wo ni?"

"Jẹun, Wilf, kó má tutù."

Ní aago mẹ́ta, Neville fun fèrè. Òṣùwọ̀n ò rí ẹja kankan. Wilf ló ká okùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wo òkun títí, omijé dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

Neville wá sọ ohun tí ẹgbẹ́ ti fẹnu kò lé lórí: kò sí kọ́ọ̀dù mọ́ ní Skelwick. Láti ọdún tó ń bọ̀, ẹja yòówù ni wọn yóò máa wọ̀n, ife tuntun ni wọn yóò sì máa gbà. Ti àtijọ́ di ti Hessie títí láé, wọ́n sì ti tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ekòló wíwà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hessie tẹ orí ba.

"Ó tọ́ sí ẹ," ni Wilf wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Bí kò bá sí kọ́ọ̀dù, kí lèèyàn ó ṣe?"

Hessie di ìyókù páì náà fún un, kó rí nǹkan jẹ lọ́nà Leeds.

Nígbà tó délé, ó gbé ife tó gbé lọ síbi ìdíje padà sáyè rẹ̀, ó fi aṣọ nu orúkọ Amos, ó da omi ata tó ṣẹ́kù nínú garawa búlúù nù, ó gbé garawa pupa àti ọ̀pá ìwọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí àpáta etí òkun lẹ́yìnkùlé, nítorí Bosun ò tíì fẹnu kan kọ́ọ̀dù láti Ọjọ́bọ̀.