Sítóòfù Ilé Bearzi

Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, Fedora rọra gbé ife kalẹ̀ kó má baà dún. Yìnyín ti bo ọ̀nà abúlé náà láti òwúrọ̀, kò sì retí ẹnikẹ́ni. Orí tó ti ń fọ́ ọ láti àná tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

"Ta nìyẹn?"

"Tarcisio tó ń tún sítóòfù ṣe ni. Èéfín tí mo rí lórí òrùlé yín ló mú kí n yà. Ọ̀gá Bearzi ní ó di Sátidé kí ẹ tó dé."

"A tètè dé ni."

Ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá sìgbọnlẹ̀ kan ló dúró níbẹ̀, yìnyín kún irunmú rẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀yin wá ni ìyàwó Bearzi?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú òtútù o, Màdáámú."

Ó kúnlẹ̀ síwájú sítóòfù ńlá tó ń mú yàrá náà móoru. Wóró igi kéékèèké tó fi ń jó ń já bọ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ iná náà pọ́n rúsúrúsú, gíláàsì ẹnu rẹ̀ sì ti dúdú.

"Ẹ wò ó! Ó yẹ kí iná máa jó. Eléyìí ò jó, ẹsẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó mutí yó." Ó pa á. "Ó gbọ́dọ̀ tutù kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ò ní kọfí nílé ni?"

Fedora fipá rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpótí kan nínú ilé ìdáná, ó tì í. Ó ṣí òmíràn. Inú ìkẹta ló ti rí ṣúgà.

"Ilé ìsinmi lèyí," ó ní, "a kì í pẹ́ níbí."

Bàbá náà gba kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó yọ abọ́ iná jáde, ó fi irin tinrín gún àwọn ihò ìdí rẹ̀ tí eérú líle ti dí. Lẹ́yìn náà ó tú páìpù ẹ̀yìn. Eérú dúdú ya wálẹ̀ wìì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé orí ń fọ́ yín?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Yàrá yìí lẹ̀ ń sùn?"

Fedora wo bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àga. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Páìpù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Inú ilé ni èéfín ń padà sí. Bí ẹ bá tún sùn tì í lálẹ́ òní, bóyá lẹ óò jí."

Fedora jókòó. Bàbá náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn wọlé, ó sì mú fóònù jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ yín."

"Rárá!" Fedora ti dìde kó tó mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ó wà níbi iṣẹ́."

Fóònù pẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì orí àga, ó tún wo Fedora.  Níkẹyìn, ó dá a padà sínú àpò.

"Ó dáa. Ó di Sátidé."

Ó gbá páìpù mọ́, ó pààrọ̀ okùn tó yí etí ilẹ̀kùn sítóòfù ká, ó dá iná. Ó dín wóró tó ń wọlé kù, ó fi kún afẹ́fẹ́, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Iná náà ta sókè, ó mọ́lẹ̀ rokoṣo, ó ń jó.

"Ẹ rí i? Láràárọ̀, tó bá ti tutù, kí ẹ gbá abọ́ rẹ̀. Ẹ má fi falẹ̀ o."

"Ẹ ṣé gan-an, bàbá."

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

"Iná tó bá ń jó dáadáa kì í rú èéfín. Kò sẹ́ni tó máa rí i láti ojú ọ̀nà mọ́. Ẹ sùn dáadáa, ọmọ mi."

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Sátidé, kí ìdílé Bearzi tó dé, Fedora gbá eérú, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn, ó sì gba ojú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé jáde, èyí tó fọ́ wọlé lọ́jọ́ tó sá kúrò lọ́wọ́ ọkọ tirẹ̀.