Àwọn Aláṣọ Dúdú Tá A Háyà

Fíìmù awo òkùnkùn la ń yà nílé ńlá àtijọ́ kan ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni wọ́n dè mọ́ orí tábìlì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Àwọn ará abúlé tá a háyà wọlé nínú aṣọ dúdú, wọ́n ń pe Sátánì bí ẹni ń kọrin Kérésì.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe o!" Barnaby, olùdarí wa, ń fò sókè.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Kí lẹ wí? Bọ́ọ̀sì àwọn tá a háyà bàjẹ́ sọ́nà? Wọn ò tíì dé?"

Ìyá arúgbó kan ṣí ìbòrí rẹ̀, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ là ń ṣe tiwa níbí. A ò kàn fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni."

Ó wò mí lórí tábìlì, ó wá yíjú sí Barnaby.

"Ẹ tiẹ̀ ti bá wa dè é! Ẹ ṣeun o."