Kí Lo Fẹ́?

Ní ọjọ́ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Kí lo fẹ́ níbí?" Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di eku àti ológbò nínú ilé kan náà, ọkọ sì ń bẹ̀ wọ́n títí tó fi kú.

Wọ́n sin ọkọ náà sínú ọgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, lẹ́bàá ògiri. Àyè ẹnì kan péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè yẹn sì ni aránṣọ ń fẹ́ láyé yìí. Ṣùgbọ́n ìjọ náà kì í sin ẹnikẹ́ni sínú ọgbà àfi ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì, káàdì kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ ìjọ sí, ti ọdún mẹ́wàá nílẹ̀: mẹ́rin lọ́dún, ogójì lápapọ̀. Ta ni olórí kíláàsì? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì ń pàdé ní pálọ̀ ìyá àgbà yìí. Bí àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un náà ni wọ́n ń ṣe é: kálukú á sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà, wọ́n á bá a wí, wọ́n á gbàdúrà. Òfin àtijọ́ wà nínú férémù lára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́, eruku ti bo gíláàsì rẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n sórí. Orin ni àwọn tó kù fẹ́ràn. Ìyá àgbà á ka ìlà méjì, wọ́n á kọ ọ́, á tún ka méjì. Ìwé orin rẹ̀ ti wú nítorí àwọn bébà tó há sáàárín ewé rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohùn aránṣọ ló dùn jù láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yìn ín níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àlùfáà ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Àlùfáà kì í pẹ́ níbẹ̀. Kó tó mọ ẹni tó ń bá ẹni jà, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Ìyá àgbà ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì náà. Tó bá kan aránṣọ, tó máa ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, á gbójú sókè.

"Ìwọ ńkọ́, ìyàwó? Kí lo fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ọjọ́sí ni aránṣọ ń gbọ́.

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín, Màámi."

"O ò fẹ́ nǹkan kan?"

"Ẹ ti gbọ́ mi."

Ìyá àgbà á kọ nǹkan sínú ìwé kíláàsì, á pa á dé. "Ó dáa. Orin tó kàn."

Káfíńtà tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ dá sí i lẹ́ẹ̀kan. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní tiẹ̀ náà."

"Ṣé kò lẹ́nu ni? Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Aránṣọ dìde, ó jáde. Ó fẹ́ kí n kúnlẹ̀ bẹ òun, ló sọ fún ara rẹ̀. Màá kúkú kú.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ń sè, ìyá àgbà ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́.

Nígbà tó yá, àrùn rọ ìyá àgbà lápá lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ òsì sí agolo bisikíìtì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Tí... tí..."

"Tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́. Ẹ fẹ́ kí n kó o sínú pósí yín." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbà ìjọ.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lu bẹ́ẹ̀dì. Aránṣọ yí padà, ó lọ fọ abọ́. Ó ti pẹ́ tí ìyá yìí ti ń jágbe mọ́ ọn. Kò kàn lóhùn mọ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú. Àwọn obìnrin ìjọ wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n fi ìwé orin rẹ̀ sí i lábíyá. Bí wọ́n ṣe ń retí pósí, aránṣọ gbé agolo náà wọ kíṣìnnì, ó sì ṣí i. Ó kún fún tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi òwú dì í ní ìdì-ìdì, ẹ̀yìn wọn ló kọjú sókè. Kò tú ìdì kankan.

"Ẹ lọ bá àwọn tó ti lọ ṣáájú lọ́wọ́ òfo," ló wí.

Ó ń jù wọ́n sínú iná níkọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn gan-an ni, ojú ò sì tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, káfíńtà ló jókòó sórí àga olórí. Kó tó ya ẹnu, aránṣọ ti dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọdún mẹ́wàá nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni mo fẹ́ sùn sí. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ wà lára yín."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìwé kíláàsì mọ́ra. "Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu eruku òfin ara ògiri yìí, mo kà á: ohun kan ṣoṣo tó ní ká gbọ́ lẹ́nu èèyàn kó tó wọlé nìyẹn. Kò gbà kí ẹlòmíràn bá a sọ ọ́." Ó ṣí ìwé náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń gbòòrò sí i. "Ọdún mẹ́wàá wo lò ń wí? Sáré lọ gbé agolo Màámi wá."

Ó yí ìwé náà sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin: "Tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi ti dé, mo bá a fi pamọ́ sínú agolo mi, kò tíì sọ pé òun fẹ́."