Gíláàsì Kẹta

Ní Ọjọ́bọ̀, tí ìdánwò àbáwọlé ku ọjọ́ méjì, ìyá mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà. Bí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá gé nǹkan lára èèyàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò rì í sínú ìda, yóò gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé èémí lè gbé e lọ, yóò pa á láró, yóò sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kékeré kan fún ọ̀gá dókítà láti wò. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń wà lára gíláàsì, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà ṣègbè.

Ọ̀gá rìnrìn àjò, ó di ọjọ́ Ajé kó tó dé. Àga rẹ̀ ṣófo, máíkírósíkóòpù sì wà lórí tábìlì.

Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè lórí sẹ́ẹ̀lì ló máa ń gbé e ṣubú. Bó bá wà nílé, ó mọ gbogbo rẹ̀. Bó bá ti dé gbọ̀ngàn, á dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko fún ẹranko, ó tún kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní núkílíọ́sì méjì, bẹ́ẹ̀ kò ní kóró àárín yìí rárá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Purofẹ́sọ̀ nínú ilé. Àǹtí rẹ̀ tó ń ṣerun ti pa àga kan mọ́ dè é ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá tún fìdí rẹmi, ibẹ̀ ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn irun rárá.

"Jókòó," ni ìyá wí. "Má fọwọ́ kan ojú gíláàsì."

Ó ti gíláàsì àkọ́kọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ. Purofẹ́sọ̀ fojú lé e, ó rẹ́rìn-ín.

"Àlùbọ́sà nìyí. Ògiri ẹ̀ nìyẹn, ó tò bíi búlọ́ọ̀kù. Ewéko ló lógiri o, Màámi, ẹranko ò ní. Mo ti gbọ́n."

"Ó dáa. Má họ ọrùn ẹ."

"Ó ń yún mi ni."

"Ó ń jinná ni. Fi sílẹ̀."

Ó fi gíláàsì kejì síbẹ̀.

"Èyí ò lógiri, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí i ká. Núkílíọ́sì ẹ̀ kékeré, àárín ló wà. Ẹran ara ta ni?"

"Tèmi. Mo ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láàárọ̀."

"Ẹ̀yin rèé? Ẹ mà rẹwà níbí ju bẹ́ ẹ ṣe wà níta lọ!"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gbogbo ara rẹ̀ ti dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ìdánwò ọmọ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì bá wọn jiyàn.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú gíláàsì kẹta jáde. Orí tábìlì ọ̀gá ló yẹ kó wà. Òun fúnra rẹ̀ ti wò ó nígbà mẹ́fà, ṣùgbọ́n títúmọ̀ ohun tó rí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Purofẹ́sọ̀ pẹ́ lórí èyí.

"Èyí yàtọ̀," ló wí. "Núkílíọ́sì wọn tóbi, ó dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan ò jọ ọ̀kan. Èyí ń pín, tọ̀hún náà ń pín. Sẹ́ẹ̀lì tó dáa á pín, á sì dúró. Àwọn wọ̀nyí ò mọ ìdúró. Jẹjẹrẹ ni, Màámi."

"Tún un wò."

Ó tún un wò. "Òun náà ni."

"Aró lè ti pọ̀ jù."

"Aró yín kì í pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé."

"O máa ń ṣì í. O ṣì í lọ́dún tó kọjá, o ṣì í lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀. Wò ó dáadáa."

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà, síbẹ̀ ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mi ò ṣì í. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣì í ni?"

Ohun tí ìyá fẹ́ gan-an nìyẹn, kò sì tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"O gbà á," ló wí nígbẹ̀yìn.

Purofẹ́sọ̀ fò mọ́ ọn lọ́rùn, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ ṣubú. "Àbí tiyín náà tún ni èyí?"

"Kì í ṣe tèmi."

"Ẹni tó ni ín ńkọ́, ṣé ó ti mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀."

"Ó mà ṣe o," ni ọmọ náà wí, ó sì ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Ìyá nu gíláàsì náà, ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá.

Ní ọjọ́ Sátidé, Purofẹ́sọ̀ jáde nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n béèrè sẹ́ẹ̀lì tó ń pín láìdúró, ó ní òun kò ṣi ẹyọ kan. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé, bí ẹni tó ń mú ọmọ kékeré sọdá títì. Ọmọ náà ní kí ó fi òun sílẹ̀, pé àwọn èèyàn ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá kò fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá dé, ó wo gíláàsì kẹta fún ìṣẹ́jú kan péré, ó sì ní kí wọ́n bá òun pe ìyá ọmọbìnrin tí wọ́n gé kókó lọ́rùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ bá ọ̀gá.